Yanrìn Inú Fọ́tò Ọmọ Ajá

Bí ẹ bá dé Ẹnu Ọ̀wá tí ẹ bèèrè Rájí, wọ́n á bi yín pé Rájí wo. Rájí pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi "Alájá" kún un, kò sí ẹni tí kò ní na ìka sí ẹnu ọ̀nà mi. N kò sin ajá rí láyé mi. Iṣẹ́ ni mo bá ajá ṣe, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko, tí mo ń ya fọ́tò egungun àti ìfun wọn ní ilé ìwòsàn ẹran kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúkọ náà kò bá mi fẹ̀yìn tì.

Àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ọlọ́lá Ìkòyí ń gbé ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wá sínú ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fojú kàn rí. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Ẹ jókòó, kí n sọ èyí tí wọn kò ní sọ fún yín níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gbà yín. N kò ní fi oyin sí i.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Ìyá mi ń ta léèsì ní Balógun. Oníbàárà rẹ̀ kan jẹ́ ìyàwó dókítà ẹran, ó ní ọkọ òun ń wá ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá tí kò bẹ̀rù ajá. Mo bẹ̀rù ajá. Mo ní n kò bẹ̀rù. Owó oṣù náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ròyìn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ibi tó le ni ilé. Télọ̀ ni bàbá mi, ó ń rán dàńṣíkí fún àwọn àgbà àdúgbò, kì í sì í fi ìrun kankan ṣeré. Ó gbọ́ pé ajá ni mo fẹ́ máa gbé mọ́ra. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí síwájú àwọn àbúrò rẹ̀.

"Màláíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà," ó ní. "Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Mi ò ní mú ajá wálé."

"Itọ́ rẹ̀ ńkọ́? Wàá mú itọ́ rẹ̀ wálé."

Ó ní òun kò ní dí mi lọ́nà oúnjẹ, ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà. Ọwọ́ tó bá kan ajá, ìgbà méje ni mo gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, yanrìn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kan nínú ìgbà méje náà, kí n tó kírun, kí n tó wọlé òun, kí n tó fọwọ́ kan abọ́ ìyá mi. "Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé o fo ìgbà kan péré," ó ní, "kó ẹrù ẹ, kí o lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ajá." Mo búra níwájú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì mo bu yanrìn sínú agolo, mo gbé e sẹ́yìn ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èmi rò pé kíkà lásán ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Ọ̀gá Àlàbá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ya fọ́tò egungun ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá sọ́dọ̀ ẹran. Ó máa ń ní ẹran sàn ju ènìyàn lọ, torí ẹran kì í bèèrè ìgbà tí fọ́tò òun máa jáde. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi ni kí n gbá yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù, kí n pọn omi, kí n sì máa di ọmọ ajá mú lórí tábìlì. Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ènìyàn tí o bá ní kó dúró jẹ́ẹ́, á dúró. Ọmọ ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn kò mọ ohun tó ń jẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Wàá wọ ẹ̀wù òjé tó wúwo bí ààbọ̀ àpò ìrẹsì kí iná ẹ̀rọ má baà pa ọ́ lára, wàá fi ọwọ́ kan di orí rẹ̀ mú, wàá fi ìkejì na ẹsẹ̀ rẹ̀. Yóò tọ̀ sí ọ lára. Yóò sì máa lá ọ lọ́wọ́ títí dé ìgbúnwọ́, bí ẹni pé ìwọ lo bí i. Itọ́ tí bàbá mi ń sọ nìyẹn, ó máa ń rin mí gbindin lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó mú mi wọ yàrá òkùnkùn, ó fi kásẹ́ẹ̀tì hàn mí. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì orin. Àpótí pẹlẹbẹ ni, ó ń ṣí bí ìwé, pátákó funfun méjì wà nínú rẹ̀, àárín méjèèjì la sì ń tẹ́ fíìmù sí. Bí iná ẹ̀rọ bá gba ara ajá kọjá, pátákó náà á tàn, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń ya àwòrán sórí fíìmù. Ohunkóhun tó bá bọ́ sáàárín wọn, ì báà ṣe fọ́nrán irun kan, yóò dí ìmọ́lẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì funfun. Egungun náà ń funfun lórí fíìmù. Òkúta tó bá wà nínú àpò ìtọ̀ náà ń funfun. Fíìmù kò mọ ìyàtọ̀.

"Kí ni ìdọ̀tí bíńtín lè ṣe, sà?" mo bi Ọ̀gá lọ́jọ́ kan tó ní kí n tún kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti nù nù.

"Ó lè pa ajá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó gbá mi létí.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé a kì í ya fọ́tò ẹyọ kan. "Ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀yìn kan," ó máa ń sọ. "Fọ́tò kan lè purọ́, àfi kí èkejì jẹ́rìí sí i." Bí mo bá mú ẹyọ kan wá, ó máa fà á ya lójú mi, a ó sì gbé ajá náà padà sórí tábìlì. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ó kú ní ọdún kẹsàn-án tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbá mi létí mọ́.

Àwa méjì ló fi sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà, èmi àti Àǹtí Dúpẹ́. Àǹtí Dúpẹ́ fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ó sì mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ó lè gbé fíìmù sókè síbi iná kó ní, "Ẹ wo egungun yìí, ó ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, ó jinná wọ́wọ́wọ́," ṣáájú dókítà fúnra rẹ̀. Òun ló ń nu kásẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi nu nǹkan mìíràn. Onígbàgbọ́ ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, síbẹ̀ òun ló ń bá mi da omi sọ́wọ́ bí àkókò ìrun bá tó. Á máa kà á fún mi: "Ẹẹ́rin. Aárùn-ún. Rájí, má tíì bu yanrìn, ẹẹ́fà ló kàn." Nílé wa, abọ́ tèmi wà lọ́tọ̀, ife mi wà lọ́tọ̀, àwọn àbúrò bàbá mi obìnrin kì í gba nǹkan lọ́wọ́ mi tààrà, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀. Àwọn àna mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún mi ní Sìdíkátù ìyàwó mi. Pẹ̀lú gbogbo ìgbà méje tí mo ń fọ̀ ọ́, lójú tiwọn, ebòlò ò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo tí kì í sá fún ọwọ́ mi ni Àǹtí Dúpẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà, ní ọdún kejìlá tí mo débẹ̀. Tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé ní Òkè Pópó torí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti kọjá sókè òkun, gbé ọmọ ajá rẹ̀ wá. Ajá náà funfun, kò ju oṣù mẹ́rin lọ, Màmá Tísà sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ó ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó ń jẹ̀rora bó bá fẹ́ tọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó fura sí òkúta.

Mo ti wà lẹ́yìn ilé nígbà náà, mo ń múra àtilọ sí mọ́ṣáláṣí. Àǹtí Dúpẹ́ ń da omi, mo ti fi yanrìn ra ọwọ́, a sì ti ka èje tán. Dókítà yọjú.

"Rájí, ya fọ́tò kan fún mi kí o tó lọ. Kíá."

Ó yẹ kí n padà fọwọ́ dáadáa, kí n fi aṣọ nù ún títí tí yóò fi gbẹ. Kútùbà, ìwàásù Jímọ̀, ti bẹ̀rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ láti inú gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. Mo wọ yàrá òkùnkùn pẹ̀lú ọwọ́ tútù, mo ṣí kásẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́ fíìmù, mo pa á dé. Bí mo bá di ajá náà mú, n óò tún ní láti fọ ọwọ́ ní èje, nítorí náà mo bẹ Àǹtí Dúpẹ́. Ó wọ ẹ̀wù òjé, ó di í mú fún mi. Mo ya ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yìn ńkọ́?" Mo ní ẹ̀gbẹ́ tó.

Mo fọ fíìmù náà, mo gbé e síbi iná. Àmì funfun mẹ́ta wà nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n mọ́ kedere, ọ̀kan tóbi díẹ̀ ju méjì yòókù lọ. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: inú mi dùn, torí mo rí nǹkan tí Dókítà ń wá. Mo gbé e fún un.

"Òkúta ni, sà. Mẹ́ta."

Mo sáré lọ kírun. Ìgbà tí mo fi padà, wọ́n ti là á. Kò sí òkúta kankan. Àpò ìtọ̀ náà kàn wú ni, ó pọ́n, irú èyí tí oògùn lásán ń wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ajá náà kò jí nínú oorun abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un. Ara rẹ̀ ti rẹ̀ jù fún abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ká ní kò sí fọ́tò mi, Dókítà kò ní gún un.

Màmá Tísà wà ní iwájú, apẹ̀rẹ̀ tó fi gbé e wá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà sọ fún un. Kò sunkún. Ó dìde, ó ní, "Ẹ fi òkúta náà hàn mí." Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó tún ní, "Dókítà, òkúta mẹ́ta lẹ sọ. Ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo hàn mí, kí n mọ ohun tó pa á." Dókítà kò rí nǹkan kan fi hàn án. Màmá Tísà gbé òkú ọmọ ajá náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó, ó sì jáde.

Dókítà wọ yàrá òkùnkùn lọ tààrà. Ó tan iná, ó ṣí kásẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka ra ojú pátákó. Ó na ìka náà sí wa.

"Yanrìn," ó ní. "Nínú ilé ìwòsàn mi. Ta ló ń nu kásẹ́ẹ̀tì?"

"Èmi ni, sà," Àǹtí Dúpẹ́ dáhùn. "Mo nù ún láàárọ̀."

"O nù ún, yanrìn wá wà níbẹ̀? Rájí, ṣé o rí i nígbà tó ń nù ún?"

Mo rí i. Ó nù ún lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó tilẹ̀ gbé e súnmọ́ fèrèsé kó lè wò ó dáadáa.

"Mi ò kíyè sí i, sà," mo ní.

Ẹ má jẹ́ kí n ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Oyún àkọ́bí wa wà nínú Sìdíkátù. Bí Dókítà bá mọ̀ pé yanrìn ìfọwọ́ mi ni, kò ní gbà kí n bu yanrìn sí ilé ìwòsàn rẹ̀ mọ́ láéláé. Bí n kò bá bu yanrìn, bàbá mi yóò lé mi. Ilé tàbí iṣẹ́, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ. Mo wo méjèèjì, n kò lè jọ̀wọ́ èyíkéyìí, mo wá jọ̀wọ́ Àǹtí Dúpẹ́.

Ó wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó sì pẹ́ tó fi ń wò ó. N kò gbójú sókè. Dókítà ní kó máa lọ, pé òun kò fẹ́ rí i mọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù òjé tó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi kọ́ èèkàn ara ògiri, ó tẹ́ ẹ dáadáa bí Ọ̀gá Àlàbá ṣe kọ́ wa, ó kó àwọn nǹkan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú àpò, ó sì jáde kí ìrun alásàárì tó tó.

Ó wá iṣẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ya fọ́tò ẹran nílùú yìí nígbà náà kò pọ̀, gbogbo wa la mọ ara wa, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní obìnrin tó fi ìdọ̀tí pa ajá. Kò sẹ́ni tó gbà á. Mo gbọ́ pé ó ti lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta páálí bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Òkè Àrin. Láti ọjọ́ náà n kò gba Òkè Àrin kọjá mọ́. Bí mo bá ní nǹkan í ṣe lápá ibẹ̀, mo máa ń yí gba Balógun, láàárín èrò, nínú oòrùn. Èmi ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá ní ibi tó kúrò. Bàbá mi gbé ọdún mẹ́fà sí i. Nígbà tó ń kú lọ, ó ṣàdúà fún mi níwájú àwọn àbúrò rẹ̀, ó ní mo pa àdéhùn mọ́. Mo ṣe àmín.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Fíìmù lọ, yàrá òkùnkùn lọ, wọ́n kó àwo ìfọfíìmù síta fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Pátákó kan dé tí a kì í ṣí, tó ń gbé àwòrán sórí kọ̀ǹpútà kí ajá tó bọ́ sílẹ̀. Yanrìn kò lè wọ inú rẹ̀, kódà bí o bá dà á lé e lórí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́, èmi ń wò ó bí ẹni wo dókítà tó dé lẹ́yìn ìsìnkú. Sìkáànù dé lẹ́yìn náà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún. A ń fá irun ikùn ọmọ ajá, a ń fi jẹ́ẹ̀lì pa á, a sì ń rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù. Èyí tó kẹ́yìn ni ẹ̀rọ ńlá tó rí róbótó, tó ní ihò láàárín. A óò gún ọmọ ajá ní abẹ́rẹ́ oorun, a óò tì í sínú ihò náà, ẹ̀rọ á máa yí i ká, á sì fi ara rẹ̀ hàn wá ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí búrẹ́dì tí wọ́n gé. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn tí mo lè bí lọ́mọ, mo kọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Fọ́tò méjì kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń wò ó kí n tó sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní mo ṣe fínnífínní jù. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tí ẹ̀rọ náà dé, Bàbá Kúdí, aládùúgbò mi tó ń tún amúlétutù ṣe, ń ní ẹ̀fọ́rí tí kò lọ. Ọsibítù ní kó lọ ya fọ́tò orí nínú irú ẹ̀rọ náà gan-an. Kò ní agbára rẹ̀. Ó wá bá mi nílé.

"Rájí, ṣebí ẹ̀rọ kan náà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ti ajá yẹn wò ó. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní òfin kò gbà á, pé wọ́n máa ti ilé ìwòsàn náà pa. Ó mi orí, ó ní òun gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti ọmọ ajá Ìkòyí kan sínú ihò ẹ̀rọ náà nítorí pé ó ń sín ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Bàbá Kúdí kò lo ọdún náà já. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ óò rí irú èyí, kò sì sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kọ́ yín nípa rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ra kéèkì, wọ́n ní n kò ní àbàwọ́n kankan nínú iṣẹ́ mi. Mo jẹ kéèkì náà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi lé ní ogún. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síbi ẹ̀kọ́ tí ọ̀dọ́ Ààfáà kan ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí wa lẹ́yìn alásàárì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàtà kan láti Balógun bèèrè ọ̀rọ̀. Ó ní ajá àwọn tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lá òun lọ́wọ́, ṣé òun gbọ́dọ̀ fi yanrìn fọ̀ ọ́ kí òun tó kírun?

"Rárá," Ààfáà ní. "Abọ́ tí ajá bá fi ẹnu sí ni hádíìsì Ànábì ní ká fọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Àwọn onímọ̀ ibòmíràn mú ọ̀rọ̀ náà dé orí ara àti aṣọ, wọ́n sì di yanrìn tó wà nínú àwọn hádíìsì kan mú, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Màlíkì tí àwa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí, itọ́ ajá kò ba ọwọ́ yín jẹ́. Ẹ fi omi ṣan án bí ara yín bá kọ̀ ọ́, kí ẹ lọ kírun."

Àwọn ènìyàn tú ká. Èmi jókòó síbẹ̀.

"Ààfáà," mo ní, "ẹni tó ti ń fi yanrìn fọ̀ ọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò dẹ́ṣẹ̀, Bàbá. Ó kàn fìyà jẹ ara rẹ̀ lásán ni."

Ara rẹ̀ nìkan kọ́. Gbogbo ọdún yẹn, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé ẹ̀sìn ló fà á, pé ohun tó jẹ́ dandan lórí mi ni mo ṣe, Ọlọ́run mọ̀. Ó ti já sí pé kò jẹ́ dandan. Bàbá mi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan, kò bèèrè. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi, èmi náà kò bèèrè, bẹ́ẹ̀ mọ́ṣáláṣí kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ilé wa. Mo bínú sí bàbá mi nínú ibojì rẹ̀. Nígbà tí ìbínú náà rọlẹ̀, irọ́ tí mo pa fún Dókítà ló kù, ìyẹn kì í sì í ṣe bàbá mi ló kọ́ mi.

Mo lọ sí Òkè Àrin láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bèèrè Àǹtí Dúpẹ́ onípáálí, wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi. Ó jókòó láàárín páálí tó ga ju orí rẹ̀ lọ, awò ojú rẹ̀ wà ní iwájú orí. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun. Ó mọ̀ mí kí n tó lanu.

"Rájí," ó ní.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Àǹtí Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo wá sọ fún yín."

Kò ní kí n jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró: ọwọ́ tútù, fọ́tò ẹyọ kan, pé mo rí i pẹ̀lú ojú mi nígbà tó ń nu kásẹ́ẹ̀tì. Mo sọ ohun tí Ààfáà wí. Ó gbọ́ mi tán.

"Èmi ni mo da omi sí ẹ lọ́wọ́, Rájí," ó ní. "O rò pé mi ò mọ ibi tí yanrìn ti wá?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Èmi tí mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Kí n máa sọ pé ìfọwọ́ ìrun ẹ ló pa ajá? Wọ́n á ní mò ń bú ẹ̀sìn ẹ. Ìyàwó ẹ tún lóyún. Mo ní ó máa sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù òjé, mo dúró dè ẹ́. Mo kó ẹrù mi, mi ò yára kó o. Mo dé géètì, mo tún dúró níbẹ̀ díẹ̀, mo ní bóyá wàá sáré tẹ̀ lé mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn páálí, àgbà bíi tèmi. Mo ní kó dárí jì mí, pé Dókítà ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń darí ibẹ̀, mo máa lọ sọ fún wọn pé Àǹtí Dúpẹ́ kò mọwọ́mẹsẹ̀.

"Kí wọ́n wá ṣe kí ni?" ó ní. "Kí wọ́n gbà mí padà? Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, Rájí. Mo mọ̀ ọ́n jù ẹ́ lọ. Gbogbo ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń sọ yẹn, mi ò fojú kan ọ̀kan rí. Dìde, o ń dí àwọn oníbàárà lọ́nà."

Obìnrin kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí nílẹ̀.

"Ìyá, ṣé kò sí o?" ó bèèrè. "Ta ni bàbá yìí?"

"Kò sí nǹkan kan," Àǹtí Dúpẹ́ ní. Ó fa awò ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "A jọ ṣiṣẹ́ níbì kan nígbà kan rí ni. Ó ti ń lọ. Páálí mélòó lẹ fẹ́?"

Mo dìde, mo sì lọ.